Ta Ló Mọ Oyún Ìgbín? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Carl Rogers láti Ìsẹ́yìn

Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì náà. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé aago ara ògiri wà lókè orí olùkọ́ tó ń bá mi sọ̀rọ̀, òun ni mo sì ń wò. Kíláàsì SS2 ni mo wà nígbà náà. Mo ti fìdí rẹmi nínú fisíìsì ní sáà méjì tẹ̀léra, ni wọ́n bá ní kí n lọ rí olùgbaninímọ̀ràn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní kánsẹ́lọ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Ó ní kí n máa jí kàwé ní agogo mẹ́rin ìdájí, kí n yé bá àwọn ọ̀lẹ rìn, kí n rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kí n má jẹ́ kí owó tí bàbá mi ń ná ṣòfò. Nígbà tó parí, ó bi mí pé, "Ó yé ọ, àbí kò yé ọ?" Mo ní, "Ó yé mi, sà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn nìkan ló jáde lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti wọlé títí tí mo fi jáde.

N kò parọ́ fún un. Gbogbo ohun tó sọ ló yé mi. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe mí, kò sì bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ lásìkò kan náà. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, ó mú ìwé kan dání tí etí rẹ̀ ti ká, On Becoming a Person, èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Carl Rogers gbé jáde ní 1961. Wọ́n ti ní kí wọ́n lọ wá ẹnì kan tí wọ́n á fi dánra wò nílé. Èmi ló mú. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn mi.

Mo ní, "Fisíìsì ti sú mi."

Ó ní, "Fisíìsì ti sú ọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàámi kò sì ní gbọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ó ń ṣe ọ́ bíi pé Bàámi kò ní gbọ́."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti di ayékòótọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, a sì fi ìdánrawò sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn. Mo fẹ́ mọ irú ènìyàn tó lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa pe ọ̀rọ̀ padà bí ẹyẹ, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń pè é ní ìmọ̀. Mo kà á pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì wá ohun mìíràn kà nípa ẹni tó kọ ọ́. Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ ayé ọkùnrin náà lé ìwọ̀n níbí, kí n sọ ibi tó ti wúwo lójú mi àti ibi tó ti fúyẹ́, pàápàá fún àwa tí a ń gbé ní Òkè-Ògùn, níbi tí kò sí ẹni tí kì í gba ọmọdé nímọ̀ràn.

Oak Park, nítòsí Chicago, ni wọ́n bí Rogers sí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní, 1902. Ilé onígbàgbọ́ tí kò gba gbẹ̀rẹ́ ni. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí oko, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ lọ kà ní Yunifásítì Wisconsin. Ó kúrò nídìí rẹ̀, ó bọ́ sídìí ẹ̀kọ́ ìtàn. Ní 1922 ó bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni lọ sí Ṣáínà. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní New York, ó tún fi ìyẹn sílẹ̀, ó rékọjá sí ẹ̀kọ́ saikọ́lọ́jì ní Teachers College ti Yunifásítì Columbia. Ẹ kà á wò: ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí ohun tó ń kọ́ padà. Bó bá jẹ́ agbo ilé wa ni, wọn ìbá ti ní ayé ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ oko kò fìgbà kan kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ pé òun rántí ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n máa ń kó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nígbà òtútù. Nínú òkùnkùn yẹn, tí kò sí iyẹ̀pẹ̀ tàbí omi, àwọn ànàmọ́ náà ń hù, wọ́n ń yọ ọwọ́ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń nà án lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé lójú fèrèsé kékeré kan. Ẹni tó bá ti wọ àká iṣu ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa lásìkò tí òjò àkọ́rọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ẹni tó kọ́ iṣu pé àsìkò tó. Lójú Rogers, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn rí: ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń wá ìmọ́lẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kò sì ju pé kó má dí fèrèsé lọ. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ dúró lé.

Kì í ṣe inú ìwé ló ti rí i. Láti 1928, ọdún méjìlá gbáko ló fi ṣiṣẹ́ ní ìlú Rochester, láàárín àwọn ọmọdé tí ilé-ẹjọ́ àti àwọn aláàánú ń kó wá. Ìtàn kan wà láti ibẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin kan ní ọmọkùnrin kan tó ya pòkíì. Rogers ti mọ ohun tó fà á, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n: ìyá ni kò fẹ́ràn ọmọ náà láti kékeré. Ó wá ń fọgbọ́n darí obìnrin náà, ìjókòó lórí ìjókòó, kí òun náà lè rí i bẹ́ẹ̀. Kò rí i. Nígbà tó sú u, ó sọ fún obìnrin náà pé àwọn ti sa gbogbo ipá àwọn, ó jọ pé kò sí ohun tó lè tìdí ẹ̀ yọ, kí àwọn kúkú dá a dúró. Ìyá náà gbà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà, tó bèèrè pé ṣé wọ́n máa ń gba àgbàlagbà síbẹ̀ fún irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á fẹ́ ẹ. Ó padà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ jáde, bí nǹkan ṣe rí láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, bí ó ṣe dà bíi pé ọwọ́ òun ti ṣófo láyé. Kò sí èyí tó jọ àlàyé tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyá yanjú, ti ọmọ náà yanjú.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé Rogers kò fi ara rẹ̀ ṣe akọni nínú ìtàn yẹn. Òun ló ṣìnà. Bí kì í bá ṣe ìbéèrè tí obìnrin náà bi í lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá parí sí. Ó kọ ọ́ pé irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé ẹni tó ń jìyà ló mọ ibi tó ń dùn ún. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ẹ̀bi ara rẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀rí.

Ní 1940 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì gbé ìwé Counseling and Psychotherapy jáde ní 1942. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín olùtọ́jú ọkàn àti ẹni tó wá bá a, inú yàrá náà ló máa ń parí sí. Olùtọ́jú nìkan ló ń ròyìn rẹ̀ fún ayé, bó ṣe rántí rẹ̀ àti bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí rẹ̀. Rogers àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ inú yàrá náà. Orí àwo ni wọ́n ń gba ohùn sí nígbà náà, àwo kan kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé yẹn ni ó ti tẹ gbogbo ìjókòó mẹ́jọ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí wọ́n fi orúkọ Herbert Bryan bò ní àṣírí, láti gbólóhùn àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ó sì ń tọ́ka sí ibi tí olùgbaninímọ̀ràn ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Lójú mi, èyí ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbọ́ra-ẹni-yé tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun ń gbọ́ ọmọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ ká ka iye ọ̀rọ̀. Nínú ọ́fíìsì tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, tèmi jẹ́ mẹ́rin.

Láti Ohio ó lọ sí Yunifásítì Chicago ní 1945. Níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà láti fi òǹkà wádìí ohun tí àwọn ènìyàn rò pé kò ṣeé kà. Wọ́n kọ gbólóhùn ọgọ́rùn-ún sórí káàdì ọgọ́rùn-ún, irú bíi "mo máa ń tijú". Ẹni tó wá gba ìtọ́jú á tò wọ́n láti orí èyí tó jọ ọ́ jù dé orí èyí tí kò jọ ọ́ rárá. Lẹ́yìn náà á tún wọn tò gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tó wù ú kí òun jẹ́. Bí ìtò méjèèjì bá jìnnà síra, ara ẹni yẹn kò rọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é ṣáájú ìtọ́jú, wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn mìíràn tó kàn ń dúró láìgba ìtọ́jú kankan, kí wọ́n lè fi wéra. Ìtò méjèèjì súnmọ́ra lọ́wọ́ àwọn tó gba ìtọ́jú. Ti àwọn tó ń dúró kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òun àti Rosalind Dymond gbé àbájáde náà jáde ní 1954.

Mo ṣe tèmi. Mo gé páálí sí ogún, mo kọ gbólóhùn sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sórí ẹní nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ìtò àkọ́kọ́ kò nira. "Ara mi máa ń balẹ̀ nídìí òfì" ló wà lókè pátápátá. Ahunṣọ ni bàbá mi, bí ọ̀pọ̀ bàbá ní Ìsẹ́yìn, láti kékeré ni mo sì ti ń jókòó tì í. Mo mọ etù yàtọ̀ sí sányán kí n tó mọ ABD. Ìtò kejì ló dà mí rú. Irú ẹni wo ni mo fẹ́ jẹ́? Mo ń tò ó lọ, "dókítà", "ẹni tí kì í fìdí rẹmi", "ẹni tó kúrò nílé lọ sí Ìbàdàn", kí n tó kíyè sí i pé ọwọ́ mi ló ń tò ó, bàbá mi ló ń yàn án.

Rogers mọ èyí, mi ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. Ó kọ ọ́ kedere pé ọmọdé máa ń kọ́ láti fẹ́ràn ara rẹ̀ kìkì nígbà tó bá ṣe ohun tí àwọn tó ń tọ́ ọ fẹ́, títí tí kò fi ní mọ ohùn tirẹ̀ mọ́ láàárín ohùn wọn. Fún ìwòsàn èyí, ó ka àwọn nǹkan kan sílẹ̀ nínú àròkọ kan ní 1957, mẹ́ta nínú wọn ló sì gbajúmọ̀. Kí olùgbọ́ jẹ́ ẹni gidi, kó má gbé ojú kan wọ̀ lé ojú rẹ̀. Kó ka ẹni náà sí láìkọ́kọ́ bèèrè pé kí ló ti ṣe dáadáa. Kó wo ayé láti ibi tí ẹni náà dúró sí, kí ẹni náà sì rí i pé ó ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn nǹkan tí òun kà sílẹ̀ wọ̀nyí pọn dandan. Ó tún ní wọ́n tó.

Ọ̀rọ̀ "tó" yẹn ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí.

Ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ti kọ́kọ́ bá a jà lé e lórí. Ọdún tí àròkọ yẹn jáde ló lọ sí Wisconsin, ó sì gbé ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ àwọn tí àrùn ọpọlọ tó le ń bá fínra, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bèèrè fún ìrànlọ́wọ́ kankan. Àwọn kan á jókòó tì í ní wákàtí kan láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí àbájáde jáde nínú ìwé ńlá kan ní 1967, àwọn tí wọ́n tọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn kò tọ́jú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan sàn díẹ̀ níbi tí ìgbọ́ra-ẹni-yé ti pọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde bó ti rí. Mo bọlá fún un nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwádìí náà ti sọ̀rọ̀. Àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ ní California, níbi tó ti ń pe ogunlọ́gọ̀ ènìyàn jọ láti sọ èrò ọkàn wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ fà mí mọ́ra, àfi ti 1982 tó lọ sí Gúúsù Áfíríkà tó sì mú kí dúdú àti funfun jókòó kojú ara wọn nígbà tí òfin ibẹ̀ ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó kú ní oṣù kejì, 1987.

Ìjà tèmi pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. A ń pe iṣẹ́ yìí ní ìgbaninímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó jókòó: ẹnì kan ní ìmọ̀ràn, ẹnì kejì á gbà á. Ní ilé wa, àgbà tó bá rí ọmọ tó ń ṣìnà tí kò sọ̀rọ̀, àgbà burúkú ni. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá wá sọ fún kánsẹ́lọ̀ pé òun fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ wa ọ̀kadà ní ọ̀nà Ṣakí, ta ni yóò jókòó kó máa wí pé, "Ó ń wù ọ́ láti lọ wa ọ̀kadà"? Rogers fúnra rẹ̀ bínú sí àwọn tó sọ ọ̀nà rẹ̀ di àpèpadà ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹni bá ń ṣe ohun kan náà láti Amẹ́ríkà dé abẹ́ igi máńgòrò wa, àfàìmọ̀ kí ohun kan má wà nínú ẹ̀kọ́ náà tó ń fà á.

Síbẹ̀, ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀ wò. Ìmọ̀ràn: mímọ ọ̀ràn. Ẹni tó fẹ́ gba mi nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ ti mọ ọ̀ràn mi. A máa ń sọ pé òmọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín, bíi pé wíwò lásán ti tó fún ọlọ́gbọ́n láti rí inú ìkarawun. Rogers wo ìyá ọmọ yẹn fún ìgbà pípẹ́, ọlọ́gbọ́n sì ni, kò rí i. Ìgbín ló sọ oyún rẹ̀ fún un, lẹ́nu ọ̀nà.

Kí n má sì dá kánsẹ́lọ̀ wa lẹ́bi kọjá bó ti yẹ. Òun nìkan ló wà fún gbogbo wa, ó tún ń kọ́ni ní iṣẹ́ mìíràn. Bí a bá sì wo bí iṣẹ́ yìí ṣe wọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà, a ó rí i pé kì í ṣe nítorí ọkàn ẹnikẹ́ni ló ṣe kọ́kọ́ wọlé. Ohun tí àwọn ìwé máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ti 1959 ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn sístà tó ń ṣe àkóso ilé-ìwé náà ti pe àwọn òṣìṣẹ́ onírúurú iṣẹ́ láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn tó kọ́kọ́ hù ni pé ẹni tó mọ̀ á wá sọ fún ẹni tí kò mọ̀, igi yẹn la sì ń ká èso rẹ̀ dòní.

Ohun tí Rogers fi sílẹ̀ tó dùn mí jù ni ẹbí. Nínú yàrá rẹ̀, ènìyàn méjì ló wà. Ẹni tó wá bá a á mọ ara rẹ̀, á jáde, á sì máa lọ gbé ayé rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá gbé ni ó ṣe ń rí ènìyàn. Bí mo bá mọ̀ lónìí pé òfì ni mo fẹ́, ta ni yóò san owó ilé-ìwé mi lọ́la? Ànàmọ́ inú òkùnkùn ń nà sí fèrèsé, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ni ilé.

Kò jìnnà sí wa, ní Abẹ́òkúta, tí ọkùnrin kan ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wálé láti ṣe àkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò ní 1954. Kò dúró de ìgbà tí ilé ńlá yóò parí. Ó ṣètò pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Aláìsàn kì í dá wá: ìbátan rẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá a wá, kó dáná fún un, kó wà níbẹ̀. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra sínú iṣẹ́ náà. Òun àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Yunifásítì Cornell jọ ṣe ìwádìí tó jáde ní 1963, Psychiatric Disorder among the Yoruba, nínú èyí tí wọ́n ti bi àwọn ènìyàn wa léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ sí àìsàn ọkàn. Lẹ́yìn náà ló di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di igbá kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Oníṣègùn ọpọlọ ni Lambo, kì í ṣe kánsẹ́lọ̀, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kà á mọ́ ọmọ ẹ̀yìn Rogers. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí ọ̀kan gbàgbé ni èkejì fi ṣe ìpìlẹ̀.

Àwọn kan lè fẹ́ kí n parí rẹ̀ síbẹ̀, kí n ní ti Lambo dára nítorí pé tiwa ni. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbátan tó ń dáná fún mi ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí ńkọ́? Nínú agbo ilé, gbogbo etí ló ń gbọ́, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ènìyàn lè sọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ yẹn ní Rochester kò bá má sọ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ bí ìyá ọkọ bá jókòó tì í. Yàrá Rogers gbọ́dọ̀ wà ní ibì kan nínú abúlé Lambo. Bí a ṣe máa kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni n kò rí nínú ìwé èyíkéyìí nínú àwọn tí mo kà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ páálí ogún fún un, kò pe ọ̀rọ̀ mi padà mọ́. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ṣé o fẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ́ fún Bàámi?" Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a lọ bá wọn nídìí òfì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́ sà, àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá a lóhùn." Bàámi ò dáwọ́ híhun dúró. Mo sọ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní ṣé mo mọ iye tí wọ́n ń ta òwú báyìí. Wọ́n ní ṣé mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ahunṣọ lóru. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọmọ mi, ìwé mẹ́fà ni wọ́n jẹ́ kí àwọn kà, ni bàbá àwọn bá fi àwọn sídìí òfì, kò sí ẹni tó bi àwọn ní nǹkan kan. N kò gbọ́ èyí rí. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò gbọ́ ọ rí. Bóyá ìdánrawò ló ṣì wà lára rẹ̀, n kò mọ̀, ó kàn ní, "Ó ń dùn yín, sà, pé ẹnikẹ́ni ò bi yín."

Ọ̀kọ̀ dúró lọ́wọ́ Bàámi. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dùn mí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ gan-an. Wọ́n sọ orúkọ olùkọ́ tó wá bẹ bàbá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ ibi tí àwọn máa ń jókòó sí nínú kíláàsì. Ilẹ̀ ti ṣú kí Màámi tó ránṣẹ́ pé oúnjẹ ti ń tutù.

Mo ṣì wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bàámi ní kí n parí rẹ̀, kí á wá wò ó. Mo gba mẹ́tàlélógójì nínú fisíìsì ní sáà tó kọjá, ọjọ́ Sátidé sì ti di ọjọ́ òfì fún mi, wọn kì í lé mi nídìí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń dìde láti lọ jẹun, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Kí lo pe iṣẹ́ tí ò ń lọ kọ́ yẹn?"

Ó ní, "Ìgbaninímọ̀ràn ni, sà."

Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìmọ̀ràn wo lo wá gbà mí?"